Ọ̀tọ̀ ni Ìwọ, Ọ̀tọ̀ ni Ògógóró

Bíbélì kíkà: Máàkù 5:1–20

Ní àárín oṣù Kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì wọ Òde-Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ènìyàn, ojú rẹ̀ á ṣú bàìbàì, kò ní pẹ́ tí kò fi ní ríran mọ́, á dákú, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rí ọjọ́ kejì. Nígbà tí ìròyìn fi máa tàn dé òkè òkun, ó kéré tán ènìyàn 18 ti bá a lọ. Kò tíì pé ọdún kan nígbà náà tí Ebola wọ Èkó, nítorí náà jìnnìjìnnì bo gbogbo ènìyàn. Àwọn kan ní àrùn tuntun ti dé. Àwọn kan nílùú ní òrìṣà Málòkun ló bínú, pé àwọn ọ̀dọ́ kan wọ ojúbọ rẹ̀ lọ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe níbẹ̀. Ìgbà tí èsì àyẹ̀wò dé láti ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó ni ọ̀rọ̀ tó yanjú: methanol ni, ọtí olóró tí ènìyàn kì í mu, òun ló wà nínú ògógóró tí àwọn olóògbé náà mu.

Ojú lásán kò lè dá methanol mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí, ahọ́n náà kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ dá a mọ̀. Ìgbà tó bá wọ inú ara ni ẹ̀dọ̀ tó ń sọ ọ́ di ásíìdì kan tó ń ba iṣan ojú jẹ́, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń ṣú kí ẹ̀mí tó bọ́. Kò bèèrè bóyá ojoojúmọ́ lo ń mu tàbí ife kan ṣoṣo ni wọ́n gbé fún ọ níbi ìsìnkú. Láìpẹ́ sí i, irú ikú yìí kan náà pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti títa ògógóró. (Bí o bá ti dé ìdí ọtí èyíkéyìí láti ìgbà náà, o mọ ibi tí òfin yẹn parí sí.)

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu wa lẹ́yìn èsì àyẹ̀wò yẹn ni mo fẹ́ ká jókòó tì lónìí. Nígbà tí a kò tíì mọ ohun tó ń pa wọ́n, bàbá ẹnìkan ni wọ́n, ọkọ ẹnìkan ni wọ́n, à ń ṣe wọ́n ní pẹ̀lẹ́. Bí a ti gbọ́ pé ògógóró ni, àwa tí a jìnnà sí Òde-Ìrèlè mí kanlẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n, ọ̀mùtí ni wọ́n." Ọ̀rọ̀ parí. Ẹni 18 di ọ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan náà kò sì ní orúkọ mìíràn ju ohun tó wà nínú ife rẹ̀ lọ. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ọtí di bárakú fún. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní gbogbo wọn ni, ǹjẹ́ ìyẹn tó ká fi ọtí rọ́pò orúkọ wọn?

Nínú Bíbélì tí a kà, ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ àwọn ará Gádárà tí itẹ́ òkú ti di ilé rẹ̀. Àwọn ará ìlú ti fi ẹ̀wọ̀n dè é, ó já ẹ̀wọ̀n. Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lẹ́sẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ. Tọ̀sán-tòru ló ń ké kiri orí òkè, tó ń fi òkúta ya ara rẹ̀. Nígbà tó pàdé Jésù, Jésù bèèrè orúkọ rẹ̀. Wo èsì tó fọ̀. Ó ní Léjíónì ni òun, nítorí pé àwọn pọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Róòmù tó tó nǹkan bí 5,000 ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Orúkọ ni wọ́n bi í, ìròyìn ohun tó ń ṣe é ló fi dáhùn. Ẹnu kan náà ló sì fi bẹ̀rẹ̀ bí ẹnìkan tó fi parí bí ọ̀pọ̀lọpọ̀, tí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò fi lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an mọ́.

Ó dájú pé ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ ní Léjíónì. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n gbé e jáde, tí wọ́n pè é ní nǹkan, tí ẹbí dáhùn. Ìgbà wo ni orúkọ yẹn sọ nù lẹ́nu òun fúnra rẹ̀?

Bí o bá fẹ́ mọ bí orúkọ ṣe ń sọ nù, dé ibùdókọ̀ ní Òkìtìpupa tàbí ìlú mìíràn kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù. Obìnrin oníparaga ti tẹ́ pákó rẹ̀. Igò tò lórí rẹ̀, egbò àti èèpo igi rì sínú ògógóró títí tí ọtí fi pọ́n. Igò kan wà fún jẹ̀díjẹ̀dí, òmíràn wà fún ọ̀pá ẹ̀yìn, òmíràn fún ibà, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń fi ẹ̀rín bèèrè rẹ̀. Awakọ̀ kan dé, kò sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ti rí i lókèèrè, ó ti ń dà á sínú ife kékeré kí ọkùnrin náà tó kí i. Ó gbé e dà sọ́nà ọ̀fun, ó fún ojú pọ̀, ó gbọn orí. "Kí n fi lé òtútù ni, màmá." Kò sí òtútù kankan. Ẹ̀yìn kò sì dùn ún.

Ọgbọ́n tí ọtí yìí kọ́kọ́ ń lò nìyẹn. Orúkọ oògùn ló fi ń wọlé. Nígbà tó bá ti jókòó tán, tirẹ ni yóò wá gbà. Ní àkọ́kọ́, "ẹ̀yìn ló ń dùn mí" ni awakọ̀ yẹn ń sọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò nílò àwáwí mọ́, "bí mo ṣe rí nìyẹn" ló ń sọ báyìí. Ẹni tó bá gbọ́ gbólóhùn kejì yìí lẹ́nu ara rẹ̀ kí ó dúró, kí ó wò ó. Ibẹ̀ gan-an ni Léjíónì ti ń fọwọ́ sí ìwé.

Má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọtí nìkan ni. Igbó ni ti ẹlòmíràn, tramadol ni ti ẹlòmíràn, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni ti ẹlòmíràn, tí yóò fi owó ẹgbẹ́ ta á títí ilẹ̀ á fi mọ́. Omi ikọ́ oníkodíìnì di ìṣòro débi pé ìjọba fòfin de ṣíṣe rẹ̀ àti kíkó o wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Ìwádìí tí iléeṣẹ́ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa àti àjọ UNODC ṣe, tó jáde ní oṣù Kíní ọdún 2019, sọ pé láàárín ọdún kan, ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ní Nàìjíríà ló lo oògùn olóró tàbí tó lo oògùn ilé ìwòsàn ní ìlòkulò, pé apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá níbí, ni ó sì pọ̀ jù: 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún àgbà. Wọn kò tíì ka ọtí mọ́ ọn o. Tí o bá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí o wo ìlà ìjókòó tìrẹ láti òpin kan dé èkejì, ẹni tọ́rọ̀ kàn wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwọ.

Jẹ́ ká wo inú ara ẹni náà ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹnu ń da itọ́. Àyà ń há díẹ̀. Ìka ọwọ́ kò dúró sójú kan. Ọpọlọ tó ti mọ aago tó ti mọ òórùn ibẹ̀ ti ránṣẹ́ sí gbogbo ara pé ohun tí a ń retí ti ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn àjèjì ni ìránṣẹ́ yìí fi ń sọ̀rọ̀ ni, ènìyàn ìbá fura. Ṣùgbọ́n kì í sọ pé "ọtí ń pè ọ́". Ohùn rẹ gan-an ló ń lò. "Mo fẹ́ mu díẹ̀." "Mo ti ṣiṣẹ́ kára." "Ọ̀la ni màá jáwọ́." Mo, mo, mo. Ìwọ náà á sì gbà pé ìwọ lo sọ̀rọ̀, nítorí pé ta ni í bá ara rẹ̀ jiyàn?

Onísáàmù bá ara rẹ̀ jiyàn. Nínú Sáàmù 42 àti 43, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó kọjú sí ọkàn ara rẹ̀, tó bi í léèrè ìdí tí ó fi dorí kodò, tó sì pàṣẹ fún un kí ó dúró de Ọlọ́run. Ọkàn ń sọkún, ẹnìkan sì wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ẹkún náà, tó lè fèsì. Ta ni ẹni yẹn? Ìwọ ni. Ìdí tí a fi ń ṣe àṣàrò nìyí: láti dákẹ́ pẹ́ tó kí ẹni tó ń gbọ́ lè mọ̀ pé òun kọ́ ni ẹni tó ń pariwo.

Mo mọ̀ pé àwọn ará kan á fa ojú ro bí wọ́n bá gbọ́ "àṣàrò", wọ́n á ní iṣẹ́ àwọn ará Íńdíà ni. Ísáákì ló jáde lọ sí pápá nírọ̀lẹ́ láti ṣe àṣàrò nínú Jẹ́nẹ́sísì 24, Ísáákì kì í sì í ṣe ará Íńdíà. Ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí èyí kọ ohun rere tí ẹlòmíràn rí. G. Alan Marlatt, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Washington ní Seattle, ló fi ìfẹ́ ọtí wé ìgbì òkun. Ó ní kí ẹni tó ń jà má bá ìgbì jà, kí ó má sì jẹ́ kí ìgbì gbé òun lọ, kí ó gùn ún, kí ó máa wò ó bó ṣe ń ga, bó ṣe dé góńgó, bó ṣe ń rọlẹ̀. Ará Ayétòrò létí òkun Ìlàjẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún òun. Ní ọdún 2014, Sarah Bowen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé JAMA Psychiatry lórí ènìyàn 286 tí wọ́n ti gba ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ọtí tàbí oògùn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn tí wọ́n kọ́ ní irú àṣàrò yìí ni ọjọ́ tí wọ́n fi lo oògùn kéré jù lọ, àwọn ni ọtí àmujù sì dínkù jù lọ lọ́wọ́ wọn. Ìwádìí náà kò sọ pé gbogbo wọn jáwọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ pé jíjókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ìfẹ́ ọkàn láìṣe ohun tó bèèrè wúlò.

Bí o bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lónìí, má wá àkókò tí ara tù ọ́. Wákàtí ọtí gan-an ni kí o lò. Jókòó sórí àga tàbí bẹ́ǹṣì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ méjèèjì kan ilẹ̀. Pa fóònù. Sọ orúkọ rẹ jáde lẹ́nu, èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọjáde, kì í ṣe ìnagijẹ tí wọ́n ń pè ọ́ ní ìdí ọtí. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni ń ròyìn fún dókítà: "Ìfẹ́ ọtí wà lára mi báyìí." Kì í ṣe "mo fẹ́ ọtí". Wá ibi tó wà. Ọ̀fun ni? Igbá àyà ni? Àbí ẹ̀yìn ojú? Dúró níbẹ̀. Mí sínú, mí síta, má ṣe sáré mí. Ọkàn á sáré lọ sí ìdí igò, á lọ ka owó tó wà lápò, á rántí ọ̀rẹ́ kan tó jẹ ọ́ ní gbèsè ife kan. Má bínú sí i. Mú un padà wá sórí èémí, kí o sì sọ orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nǹkan náà á ga. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wàá rò pé yóò máa ga lọ títí láé. Bí o kò bá fún un ní ohun tó ń bèèrè, á rọlẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá rọlẹ̀, wo ẹni tó ṣẹ́kù lórí bẹ́ǹṣì. Bí ìfẹ́ yẹn bá jẹ́ ìwọ ni, nígbà tó lọ, ìwọ náà ì bá ti bá a lọ.

Mo gbọ́dọ̀ dúró sọ ọ̀rọ̀ ìlera kan, nítorí pé ìtara láìsí ìmọ̀ ti pa ènìyàn rí. Ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ jí lọ́jọ́ kan kí ó sì dáwọ́ dúró pátápátá nínú yàrá òun nìkan. Ara tó ti mọ́ lára ọtí lè máa gbọ̀n, kí ó làágùn, kí gìrì gbé e, kí ó máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Ọsibítù ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kí dókítà lè bá a dín in kù pẹ̀lú oògùn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Arò ní Abẹ́òkúta, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1954, ní ẹ̀ka kan fún àwọn tí oògùn àti ọtí ti di bárakú fún. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì ṣàdédé ń ṣú lẹ́yìn tó mu ọtí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé omi àdúrà sí i lójú: kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní ìṣẹ́jú yẹn. Methanol ní ẹ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í dúró de ẹni tó bá pẹ́.

Ìyàwó ilé kan á ti máa kà á bọ̀ láti òkè, á ti máa mí hẹ̀. "Bí kì í bá ṣe òun ló ń mu ún, ta ló wá ná owó ilé-ìwé ọmọ? Ta ló là mí mọ́lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta?" Ìyá mi, òun ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló ná an, ọwọ́ rẹ̀ ló gbé sókè. N kò wá síbí láti fi ọgbọ́n bíbélì bò ó mọ́lẹ̀. Pọ́ọ̀lù ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń gbé inú rẹ̀ nínú Róòmù 7, ṣùgbọ́n orí kẹfà tó ṣáájú rẹ̀ ni ó ti kìlọ̀ pé kí a má jẹ́ kí nǹkan náà jọba. Àwíjàre "iṣẹ́ ọtí ni" tí ọkọ ń sọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Léjíónì náà ló tún ń dáhùn, ohùn jẹ́jẹ́ ló kàn fi sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Léjíónì kò lè tọrọ àforíjì. Kò ní ìyàwó tí yóò wò lójú, kò ní ọmọ tí yóò san owó ilé-ìwé rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ní orúkọ nìkan ló lè jẹ gbèsè, òun nìkan ló sì lè san án. Nítorí náà, bí mo ṣe ń sọ fún ọkùnrin yìí pé ọ̀tọ̀ ni òun, ọ̀tọ̀ ni ọtí, n kò tú u sílẹ̀ kúrò nínú ohun tó ṣe. Mò ń wá ẹni tí yóò dáhùn fún un ni. Ìwọ náà, bí ọwọ́ bá tún gòkè, jáde kúrò nílé yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ kí o tó wá máa ṣe àṣàrò.

Padà sí Gádárà. Ẹ̀wọ̀n ni oògùn tí ìlú mọ̀. Ó yẹ kí ojú tì wá láti sọ pé ẹ̀wọ̀n náà ṣì wà. Láàárín ọdún 2018 sí 2019, àjọ Human Rights Watch wọ ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti ní Abuja, ti ìjọba, ti ìbílẹ̀, ti mùsùlùmí àti ti onígbàgbọ́, wọ́n sì rí ènìyàn tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ so mọ́lẹ̀ nítorí àìsàn ọpọlọ tàbí nítorí oògùn olóró. Inú ilé àdúrà ni àwọn míràn wà, wọ́n sì tún ní kí wọ́n máa gbààwẹ̀. Ní oṣù Kíní ọdún 2023 ni ààrẹ tó fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Òfin tí a ń lò bọ̀ láti ayé òyìnbó, òfin wèrè ni orúkọ tí wọ́n fún un. Ṣé o rí i? Orúkọ náà ni wọ́n tún kọ́kọ́ gbà níbẹ̀.

Jésù kò tún ẹ̀wọ̀n rọ. Ó bèèrè orúkọ ni, ó sì bá ohun tó gba orúkọ náà wí. Nígbà tí àwọn ará ìlú dé, ọkùnrin náà ti jókòó, ó ti wọṣọ, orí rẹ̀ ti pé. Ẹ̀rù bà wọ́n! Wọn kò bẹ̀rù rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ké lórí òkè. Wèrè wọn ni, wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n fi í sí. Báyìí tí ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe, ẹlẹ́dẹ̀ tó tó 2,000 sì ti bómi lọ, wọ́n bá bẹ Jésù kí ó kúrò ní agbègbè àwọn. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti jáwọ́ nínú ọtí ní ìlú kékeré mọ àwọn ará Gádárà. Wọ́n á gbé ife lé e lọ́wọ́ níbi ìdána. "Ṣé ìwọ náà ti di pásítọ̀ ni?" Wọ́n á ní "ọ̀la ló máa padà síbẹ̀", wọ́n á sì dúró de ọ̀la.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn náà tí mo máa ń padà sí. Máàkù kò kọ orúkọ ọkùnrin yìí sílẹ̀. Títí ìtàn fi parí, ẹni tó ti ní ẹ̀mí èṣù rí ló ń pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ bá Jésù wọ ọkọ̀ ojú omi, Jésù kò gbà, ó ní kí ó lọ sí ilé, sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ilé nìkan ni ibi tí wọ́n ti mọ orúkọ yẹn. Mo gbà pé ara ìwòsàn rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ wá dé ọwọ́ ará ilé wàyí. Ọmọ onínàákúnàá nínú Lúùkù 15 ti há ọ̀rọ̀ sórí láti ọ̀nà: òun yóò ní kí bàbá fi òun ṣe ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe. Orúkọ tuntun ló ti gbé dání bọ̀ yẹn. Nígbà tó délé, bàbá kò jẹ́ kó dé orí gbólóhùn yẹn. Ó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, ó ké sí àwọn ìránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé aṣọ wá, ó sì pè é ní ọmọ òun. Ọmọ yẹn kò tíì fi hàn pé òun ti yí padà o. Aṣọ ara rẹ̀ ṣì ń rùn.

Àwọn ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí àwọn ọkùnrin méjì tí ọtí ti fìyà jẹ, Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith, dá sílẹ̀ ní Akron ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935, ní àṣà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ẹni tó bá dìde á sọ orúkọ rẹ̀, á sì fi kún un pé ọ̀mùtí ni òun. Àwọn kan ń ta ko ìyẹn, wọ́n ní ó ń fi bárakú kọ́ ènìyàn lọ́rùn títí ayé. Èmi kò ta kò ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti parọ́ fún ìyàwó, tó parọ́ fún ọ̀gá, tó parọ́ fún ara rẹ̀ nílò ibì kan tí yóò ti sọ òótọ́ yẹn jáde. Kìkì pé kí orúkọ ṣáájú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ náà. Nínú ìlànà méjìlá wọn, ìkọkànlá ni àdúrà àti àṣàrò wà. Wọn kò fi ṣe ìkíní. Mo fẹ́ràn ìyẹn: wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ènìyàn lọ tọrọ àforíjì ná.

Àdúrà

Ọlọ́run tó mọ orúkọ mi kí ẹnikẹ́ni tó fi ife lé mi lọ́wọ́, bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi lónìí, kí o sì ní sùúrù títí màá fi rántí rẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́fà bá lù tí ohùn tó jọ tèmi bá sọ pé "mo fẹ́", jẹ́ kí n gbọ́ ọ, kí n má ṣe jẹ́ ẹ. Fún mi ní ìgboyà láti wọ ọsibítù bí mo ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Rántí àwọn ìdílé tí ọdún 2015 gba ènìyàn lọ́wọ́ wọn ní Òde-Ìrèlè, àti gbogbo ẹni tí methanol gba ojú rẹ̀ níbikíbi. Bá obìnrin oníparaga wí, kí o sì fún un ní ọjà mìíràn tí yóò máa tà, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ wa bá sì wọlé lálẹ́ òní tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, jẹ́ ká pe orúkọ rẹ̀ kí a tó bi í níbi tó ti ń bọ̀. Àmín.